Ojú ni Alákàn fi ń Ṣọ́ Orí: Ìtàn Àtọ̀gbẹ àti Ohun Èlò Ọwọ́ Aláìsàn

Ọ̀rọ̀ àìsàn ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n kì í ṣe àìsàn tí ń dé lónìí tí ń lọ lọ́la. Ibà a máa dé, a sì máa lọ. Bí a bá lo oògùn rẹ̀ bí ó ti yẹ, a ó gbàgbé pé ó wá rárá. Ṣùgbọ́n àìsàn kan wà tí í bá ènìyàn dé ilé, tí í tẹ́ ẹní, tí í sì bá onílé gbé títí di ọjọ́ alẹ́. Irú àìsàn bẹ́ẹ̀ kò ṣe é lé jáde. Ṣíṣọ́ ni à ń ṣọ́ ọ. Àwọn àgbà sì ti wí pé ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ìbéèrè tí a gbé ìtàn yìí kà ni pé: ojú ta ni a ó fi ṣọ́ ọ? Ṣé ojú dókítà, ẹni tí aláìsàn ń rí lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tàbí ojú aláìsàn fúnra rẹ̀, ẹni tí ó bá ara rẹ̀ sùn tí ó sì bá ara rẹ̀ jí?

Àtọ̀gbẹ, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ìtọ̀ súgà, ni a mú ṣe àpẹẹrẹ. Ìdí rẹ̀ ni pé ìtàn ohun èlò àtọ̀gbẹ fi hàn wá kedere bí agbára ṣe ń ti yàrá àyẹ̀wò bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí ń ṣe àìsàn. Ó tún fi hàn wá pé bíbọ́ náà kò rọrùn, àti pé kò tíì dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn.

Nígbà tí ahọ́n jẹ́ ohun èlò

Àìsàn yìí kì í ṣe ti òde òní. Àwọn ìwé ìṣègùn àtijọ́ ní ilẹ̀ Íńdíà ti sọ pé èèrà a máa ṣùrù bo ìtọ̀ àwọn aláìsàn kan nítorí pé ó dùn bí oyin. Ní 1674, Thomas Willis, oníṣègùn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìwé pé ìtọ̀ ẹni tí ó ní àìsàn yìí dùn lẹ́nu. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi wọ́n rẹ́rìn-ín: ahọ́n ni ẹ̀rọ ìwọ̀n tí wọ́n ní. Ní 1776, Matthew Dobson, dókítà ní ìlú Liverpool, fi iná gbẹ irú ìtọ̀ bẹ́ẹ̀ títí ohun funfun kan fi ṣẹ́ kù nínú ìkòkò. Ó tọ́ ọ wò, ó sì rí i pé súgà ni. Ó tún ṣe àkíyèsí pé adùn náà wà nínú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú, pé kì í ṣe inú ìtọ̀ nìkan ni ó mọ sí.

Ní 1889, ní ìlú Strasbourg tí ó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà, Joseph von Mering àti Oskar Minkowski yọ ẹ̀yà ara kan tí ó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, èyí tí à ń pè ní páńkíríàsì, kúrò nínú ajá kan. Kò pẹ́ tí ajá náà bẹ̀rẹ̀ sí tọ̀ lemọ́lemọ́. Nígbà tí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, súgà kún inú rẹ̀. Báyìí ni ayé ṣe mọ ilé tí àìsàn náà ti ń jáde. Ohun kan ń bẹ nínú páńkíríàsì tí ń jẹ́ kí ara lè lo súgà inú ẹ̀jẹ̀. Bí ohun náà bá tán, ebi yóò máa pa ara nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kún fún oúnjẹ. Ṣùgbọ́n mímọ ilé olè kì í ṣe mímú olè. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni ó tún kọjá kí ọwọ́ tó tẹ ohun náà.

Ọmọkùnrin Toronto

Ṣáájú 1922, bí ọmọdé bá ní irú àtọ̀gbẹ tí í kọlu ọmọdé, ikú rẹ̀ kò jìnnà. Ìtọ́jú tí ó lókìkí jù ní Amẹ́ríkà nígbà náà, èyí tí dókítà Frederick Allen gbé kalẹ̀, ni pé kí a dín oúnjẹ aláìsàn kù títí súgà yóò fi kúrò nínú ìtọ̀ rẹ̀. Ebi ni oògùn. Ọmọ a máa rù títí yóò fi ku egungun, òbí a sì máa ti kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ pa mọ́ ọmọ tí ó bí. Ẹ̀mí tí wọ́n fi èyí rà, ti oṣù díẹ̀ tàbí ọdún díẹ̀ ni.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1921, Frederick Banting àti Charles Best bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú yàrá àyẹ̀wò J. J. R. Macleod ní Yunifásítì Toronto, ní ilẹ̀ Kánádà. Wọ́n rí ohun náà fà yọ láti inú páńkíríàsì ẹran. Ìnsúlínì ni orúkọ tí a wá mọ̀ ọ́n sí. Ní ọjọ́ 11 oṣù kìn-ín-ní 1922, wọ́n gún un fún Leonard Thompson, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ní ilé ìwòsàn gbogbogbòò Toronto. Ti àkọ́kọ́ náà kò mọ́ tó, kò sì ṣe ju díẹ̀ lọ. J. B. Collip wá ọ̀nà láti sọ ọ́ di mímọ́, nígbà tí wọ́n sì tún gún un ní ọjọ́ 23 oṣù kan náà, súgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wálẹ̀. Ó wà láàyè di 1935. Ní oṣù kìn-ín-ní 1923, Banting, Best àti Collip ta ẹ̀tọ́ wọn lórí ìnsúlínì fún Yunifásítì Toronto ní dọ́là kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí wọn kò fẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo jókòó lé ohun tí ẹ̀mí gbogbo ènìyàn rọ̀ mọ́. Kí a má ṣe gbàgbé dọ́là kan yìí. A ó tún padà wá bá a.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe àkíyèsí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ìnsúlínì kò wo àtọ̀gbẹ sàn. Ohun tí ó ṣe ni pé ó sọ ìdájọ́ ikú di iṣẹ́ òòjọ́. Bí ó bá kéré jù, súgà a pọ̀ lápọ̀jù, a sì máa ba ojú, kíndìnrín àti iṣan jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, súgà a já wálẹ̀ lójijì, òógùn a bo aláìsàn, ọwọ́ a máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa dàrú, ó sì lè dákú. Láàárín bèbè méjèèjì yìí ni aláìsàn ní láti máa rìn lójoojúmọ́. Dókítà wo ni ó lè bá a rin ìrìn náà láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lóru?

Nínú ilé ni iṣẹ́ náà bọ́ sí. Abẹ́rẹ́ onígíláàsì ni wọ́n ń lò. Wọ́n a máa sè é nínú omi gbígbóná, wọ́n a sì máa fi òkúta pọ́n imú abẹ́rẹ́ irin rẹ̀ bí ó bá kú. Ìyá tí kò ka ìwé ìṣègùn rí di ẹni tí ń fa oògùn sínú abẹ́rẹ́. Elliott Joslin, dókítà ní ìlú Boston, rí èyí ṣáájú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní 1918 pàápàá, ṣáájú ìnsúlínì, ó ti tẹ ìwé kan jáde tí dókítà àti aláìsàn lè jọ kà. Lójú tirẹ̀, ẹ̀kọ́ kì í ṣe àfikún ìtọ́jú. Ẹ̀kọ́ ni ìtọ́jú. Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ yóò mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn.

Ìròyìn tí ó dé lẹ́yìn ọjà

Bí aláìsàn bá ní oògùn lọ́wọ́ tí kò sì ní ìwọ̀n, awakọ̀ tí ó fọ́jú ni. Báwo ni yóò ṣe mọ iye tí yóò gún? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìtọ̀ náà ni wọ́n ń bi léèrè. Wọ́n a da omi Benedict, èyí tí ó ti wà ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, pọ̀ mọ́ ìtọ̀ díẹ̀, wọ́n a sì gbé e ka iná. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá dúró ní búlúù, kò sí súgà. Bí ó bá di àwọ̀ ewé, tàbí tí ó pọ́n bí bíríkì, súgà ti ń pọ̀ sí i nìyẹn. Ní 1941, ilé iṣẹ́ Ames ní Amẹ́ríkà gbé oògùn oníhóró kan jáde, Clinitest, èyí tí í gbóná fúnra rẹ̀ nínú ìtọ̀, tí kò fi sí ohun tí a ń dáná fún mọ́. Ní 1956, Helen Free àti ọkọ rẹ̀ Alfred Free, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ní ilé iṣẹ́ kan náà, ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ bébà tí ènìyàn kàn lè tì bọ inú ìtọ̀ kí ó sì wo àwọ̀ rẹ̀.

Ìrọ̀rùn dé, ṣùgbọ́n àbùkù ńlá kan ṣì wà níbẹ̀. Kíndìnrín kì í jẹ́ kí súgà bọ́ sínú ìtọ̀ títí yóò fi kọjá nǹkan bí 180 mílígíráàmù nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, ìtọ̀ kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé súgà ti lọ sílẹ̀ lọ́nà tí ó léwu. Bákan náà, ìtọ̀ òwúrọ̀ ń ròyìn ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ lóru ni. Ó dà bí ẹni tí ó gbọ́ iye tí iṣu jẹ́ lẹ́yìn tí ọjà ti tú. Inú ẹ̀jẹ̀ ni òtítọ́ ìsinsìnyí wà. Yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn nìkan ni ó sì ń ka ẹ̀jẹ̀ nígbà náà.

Ẹnjiníà tí ó ra ẹ̀rọ lórúkọ ìyàwó rẹ̀

Láàárín àwọn ọdún 1960 ni ilé iṣẹ́ Ames gbé tẹ́ẹ́rẹ́ bébà jáde tí ń fi àwọ̀ sọ iye súgà inú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan. Nítorí pé ojú ènìyàn kì í rí àwọ̀ bákan náà, Anton Clemens ṣe ẹ̀rọ kan tí yóò máa ka àwọ̀ bébà náà. Ẹ̀rọ náà wúwo, ó sì wọ́n. Fún dókítà àti ilé ìwòsàn ni wọ́n ṣe é. Kò sí ẹni tí ó ronú pé aláìsàn lè fẹ́ gbé e sílé.

Níbi yìí ni Richard Bernstein ti wọ inú ìtàn. Ẹnjiníà ni ní Amẹ́ríkà. Àtọ̀gbẹ ti mú un ní 1946 nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún méjìlá. Nígbà tí ó fi máa di ẹni ọdún márùndínlógójì, àmì ìbàjẹ́ ti ń hàn nínú kíndìnrín rẹ̀. Ní 1969 ó rí ìpolówó ẹ̀rọ yìí nínú ìwé ìròyìn kan. Ilé iṣẹ́ náà kò ní í tà á fún aláìsàn. Ṣùgbọ́n dókítà ni ìyàwó rẹ̀, orúkọ ìyàwó náà ni ó sì fi rà á, ní 650 dọ́là. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí wọn ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹnjiníà yóò ti wọn ooru ẹ̀rọ kí ó tó fi ọwọ́ kan ìdè rẹ̀. Ó kọ iye oúnjẹ sílẹ̀, ó kọ iye ìnsúlínì sílẹ̀, ó kọ ohun tí ó tẹ̀ lé e sílẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó mọ ohun tí ara rẹ̀ ń fẹ́, súgà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí sún mọ́ ti ẹni tí kò ṣàìsàn.

Ó kọ àpilẹ̀kọ láti sọ ohun tí ó rí fún àwọn oníṣègùn. Wọn kò gbà á. Ta ni ẹnjiníà láàárín àwọn dókítà? Bernstein kò bá wọn jà. Ní ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ó sì jáde gẹ́gẹ́ bí dókítà ní 1983.

Kí a má ṣe rò pé òmùgọ̀ ni àwọn tí ó ṣe iyè méjì. Ẹ̀rù tí ń bà wọ́n ní ìdí. Wọ́n ní aláìsàn lè ka ẹ̀rọ náà ní àṣìkà. Wọ́n ní ó lè gún oògùn jù nítorí ìpayà. Wọ́n ní kò tíì sí ẹ̀rí pé dídá súgà dúró síbi kan náà ń gba ojú àti kíndìnrín là. Àríyànjiyàn yìí ti tó ọjọ́ láàárín wọn. Ní 1978, àwọn dókítà ní London àti ní Nottingham tẹ ìròyìn jáde pé àwọn aláìsàn gbáàtúù wọn ẹ̀jẹ̀ ara wọn nílé, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Ìdáhùn sí ìbéèrè kejì pẹ́ díẹ̀. Láti 1983 sí 1993, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà tọ́jú aláìsàn 1,441. Àwọn kan gba ìtọ́jú bí ó ti ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àwọn kan ń wọn ẹ̀jẹ̀ wọn ní ìgbà mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́, wọ́n sì ń ṣe àtúnṣe ìnsúlínì wọn gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n rí. Láàárín àwọn tí kò tíì ní ìbàjẹ́ ojú tẹ́lẹ̀, ìtọ́jú tuntun yìí dín ewu rẹ̀ kù ní ìdá 76 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì pẹ̀lú: ewu kí súgà já wálẹ̀ débi tí ẹlòmíràn yóò fi ní láti ran aláìsàn lọ́wọ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Ẹnjiníà náà jàre. Síbẹ̀ àwọn tí ẹ̀rù ń bà kò jẹ̀bi pátápátá. Bí ìtàn tòótọ́ ti rí nìyẹn.

Láti igbà yẹn, ohun èlò ń kéré sí i, ó sì ń pọ̀ sí i. Ní 1982, ìnsúlínì tí kòkòrò tíntìntín ṣe ní àwòrán ti ènìyàn dé ọjà. Ní 1985, abẹ́rẹ́ tí ó dà bí gègé ìkọ̀wé jáde láti ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì. Ní 1999, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ohun èlò àkọ́kọ́ tí a ń tì bọ abẹ́ awọ láti máa ka súgà tọ̀sán-tòru. Ní 2013, àwọn òbí kan ní Amẹ́ríkà tí kò lè sùn nítorí ọmọ wọn kọ ètò kọ̀ǹpútà fúnra wọn, kí wọ́n lè máa rí súgà ọmọ lórí fóònù láti ọ̀nà jíjìn. Wọn kò dúró de ilé iṣẹ́ kankan. Ní 2016, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ẹ̀rọ tí ń ka súgà tí ó sì ń tún apá kan ìnsúlínì ṣe fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin náà rí i pé ohun kan náà ni ó ń tún ara rẹ̀ ṣe: ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ wá abẹ́rẹ́ tí yóò fi tún un ṣe.

Kí ni ti ilé wa?

A ti dé ilé wàyí. Ní ilẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ aláìsàn ni ń fi owó àpò ara rẹ̀ ra oògùn, abẹ́rẹ́ àti bébà ìwọ̀n. Ẹ̀rọ tí kò ní bébà dà bí igbá tí kò nídìí: ó wà lọ́wọ́, kò ṣe é bu omi. Bébà kan fún ìgbà kan ni. Ẹni tí ó yẹ kí ó wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́ a wá máa wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, yóò sì máa méfò ní ọjọ́ yòókù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka ìnsúlínì mọ́ àwọn oògùn kòṣeémánìí láti 1977. Síbẹ̀, nínú ilé tí kò rí owó rà á, kò yàtọ̀ sí ohun tí a kò tíì rí. Àwọn tí ó gba dọ́là kan ní 1923 kò rò ó síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná tún ń bẹ. Wọ́n ní kí a máa tọ́jú ìnsúlínì sínú fíríìjì. Iná kì í fi gbogbo ìgbà wà. Ní ibi tí àwọn ènìyàn ti ń kánjú wo òkèèrè, ìdáhùn kan ti wà nílẹ̀ láti ìgbà àwọn ìyá wa: amù. Omi tí ń yọ lára amọ̀ a máa gbé ooru lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1990, Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní àríwá Nàìjíríà, lo òye yìí láti ṣe ìkòkò méjì tí a ki bọ inú ara wọn, tí a fi iyanrìn tútù sí àárín wọn, kí ewébẹ̀ àwọn àgbẹ̀ má baà tètè bàjẹ́. Ní 2021, àjọ Médecins Sans Frontières àti Yunifásítì Geneva tẹ ìwádìí kan jáde, èyí tí wọ́n gbé ka bí ooru ṣe rí ní àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Kẹ́ńyà. Wọ́n rí i pé ìnsúlínì tí a ti ṣí lè wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láàárín ooru ìwọ̀n 25 sí 37 láìsọ agbára rẹ̀ nù. Bí ó ti rí nìyí, ìkòkò amọ̀ àti ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà jọ jẹ́ ẹbí kan náà. Kì í ṣe bí ohun èlò ṣe ń dán ni ó ṣe pàtàkì, bí kò ṣe bóyá ó wà ní àrọ́wọ́tó ní òru tí ara kò yá.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, ẹ̀yin olùkọ́ ni mo fi ń lọ̀. Ọmọ kan lè jókòó sí àga ẹ̀yìn nínú kíláàsì yín tí òógùn bò, tí ń gbọ̀n, tí kò lè dáhùn ìbéèrè tí ó mọ̀ lánàá. Ọ̀lẹ kọ́, súgà rẹ̀ lè ti já wálẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá ṣì là tí ó sì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní ohun dídùn kíá. Bí ó bá ti dákú, ẹ má ṣe fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e sáré lọ. Bí ó bá sì ní kí òun jáde lọ wọn ẹ̀jẹ̀ òun, ẹ má ṣe ní kí ó dúró di ìgbà ìsinmi. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ọmọ tí ìnsúlínì ń gbé ró pa á tì nítorí àgbo tàbí nítorí àdúrà, ẹ sọ ìtàn àwọn ọmọ tí ó kú ṣáájú 1922 fún un.

Láti orí ahọ́n Willis dé orí fóònù òbí, kò sí ìgbà kan tí ohun èlò ṣọ́ ènìyàn láìjẹ́ pé ẹnì kan kọ́ bí a ti ń lò ó. Orí ni ara aláìsàn, ojú ni ìmọ̀ rẹ̀, ohun èlò kò ju ìpéǹpéjú lọ. Iṣẹ́ wa ni kí a là á lójú, kí a sì rí i pé òṣì kò pa ojú náà dé.